Ẹni Tí Otilia Tẹ̀ Lé Láti Ẹnu Géètì

Ara Otilia kì í lélẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun ń rọbí rẹ̀, òkè Pacaya ń yọ iná, agbẹ̀bí ń wo ojú fèrèsé ju bó ṣe ń wo òun lọ, ni ọmọ náà bá fi ìkánjú jáde sáyé. Àwa tá a jọ ń gbé San Francisco de Sales, ní ẹsẹ̀ òkè náà, a ò ka ìtàn yẹn sí, nítorí ta ni wọn ò bí níbí nígbà tí òkè ń yọ iná? Òkè tí kì í sinmi ni tiwa. Àmọ́ a gbà pé obìnrin náà ò lè jókòó mu ife kọfí kan tán. Á mu ún dé ìdajì, á dìde lọ wo ẹṣin, á padà dé, kọfí á ti tutù, á wá máa bínú sí kọfí.

Ẹṣin ni iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ọgbà ìjọba ni gbogbo òkè náà, abúlé wa sì ni géètì rẹ̀ wà. Àlejò á sanwó ní géètì, wọ́n á fún un ní afinimọ̀nà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Àwa ẹlẹ́ṣin kì í bá a jiyàn. A ó mú okùn ẹṣin wa, a ó máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a ó máa pe, "Takisí! Takisí!" Tó bá yíjú padà tó ní òun ò fẹ́, tó ní ẹsẹ̀ òun ṣì le, èsì kan ṣoṣo la ní, ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa la ti jogún rẹ̀: "Kò burú. Màá kàn máa tẹ̀ lé yín ni. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ pè mí." Bó pẹ́ bó yá, á rẹ̀ wọ́n. Yanrìn dúdú òkè yẹn, bó o bá gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú, á fà ọ́ padà ní ẹyọ kan. Àwa fúnra wa kì í gùn ún o. Bàbá Otilia máa ń sọ pé, "Ẹṣin loúnjẹ wa. Ta ló ń gun oúnjẹ?" Ọmọ rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lẹ́yìn ẹṣin láti kékeré títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Iṣẹ́ náà ní òfin, a ò kọ ọ́ síbì kankan. Ẹni tó o bá tẹ̀ lé láti ẹnu géètì, tìẹ ni. Ì báà máa fi àyà fà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹlẹ́ṣin mìíràn ò gbọdọ̀ gbé e. Ìwọ náà ò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Bó gùn, bí kò gùn, ẹ jọ ń gòkè ni, ẹ jọ ń sọ̀ kalẹ̀ ni, nítorí ìgbàkúùgbà ni kùrukùru lè bo ọ̀nà, ibi téèyàn sì rò pé ilẹ̀ ni, iná lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀, a kì í lù ú, a kì í bú u. A kàn máa ń yí ìdí ẹṣin wa sí i ní ẹnu géètì ni. Ọkùnrin kan wà tó torí ẹ̀ kó lọ sí ìlú Amatitlán.

Òfin yìí ló ń bọ́ Otilia, òun náà ló sì dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí Chepe ọkọ rẹ̀ ń lọ sí Àríwá, ilẹ̀ àwọn òyìnbó, láti wá iṣẹ́, orí òkè ni Otilia wà. Ó rò pé òun á ti dé kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó tẹ̀ lé òyìnbó abikùn kan tó ń ya fọ́tò gbogbo kòkòrò tó bá rí, tí kò gun ẹṣin, tí kò sì yára. Nígbà tí wọ́n máa fi sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ti lọ. Ife kọfí Chepe wà lórí tábìlì, ó ti mu tirẹ̀ tán. Ó pè láti Àríwá fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́, a sì gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń bọ̀ wálé pé ó ti ní ìyàwó mìíràn lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ọmọ. Otilia ò sunkún lójú wa. Gbogbo ohun tó sọ ni pé, "Ẹni tí wọn ò bá sìn sọ́nà, báwo ló ṣe máa mọ̀nà padà?" Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó gbà pé ká ní òun di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́nu ọkọ̀, ì bá padà wá. Irọ́ ni o. Chepe tá a mọ̀, bí wọ́n bá fi okùn ẹṣin so ó mọ́lẹ̀, á já a. Àmọ́ ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún un?

Damaris nìkan ló wá kù sí i lọ́wọ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Chepe bí fún un. Nígbà tí Damaris náà dàgbà, ó ní Àríwá lòun ń lọ. Ẹ̀gbọ́n Otilia tó wà níbẹ̀ ti bá a rí iṣẹ́ sí ilé ìdáná kan. Otilia gbọ́, ó ní ó dáa, ó lọ wo ẹṣin. Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìkórè kọfí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gbé Damaris àti àwọn èrò yòókù lọ sí ìlú á gbéra níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí agogo ọ̀sán bá dún. Ohun kan ṣoṣo ni Otilia bẹ Ọlọ́run fún lọ́jọ́ náà, kì í ṣe pé kí ọmọ má lọ. Ó ní kí òun sáà wà níbẹ̀.

Láti ìdájí ló ti ń yí ilé po. Ó ń kó ẹrù jáde nínú báàgì, ó tún ń kó o padà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," Damaris wí.

"Mo ti jókòó."

"Ẹ dúró ni, màmá. Ẹ tún ti yọ ṣúwẹ́tà mi kúrò."

"Kò nípọn tó. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ ń wọ egungun."

"Ẹ̀yin náà lẹ fi í síbẹ̀ láàárọ̀."

"Mo mọ̀. Mo ti tún un rò ni."

Damaris ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ báàgì, ó fa òkúta dúdú kan jáde, irú èyí tó kún orí òkè. "Èyí ńkọ́? Ta lẹ fẹ́ kí n sọ ọ́ lù lọ́hùn-ún?"

"Má sọ ọ́ lu ẹnikẹ́ni. Gbé e sílé kó o máa wò ó."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó sì dá òkúta padà sáàárín aṣọ. "Màmá, ẹ̀ ń kó àárẹ̀ bá mi. Ẹ jáde síta díẹ̀, kẹ́ ẹ fún Toyota lómi. Ẹ jẹ́ kí n di ẹrù yìí parí. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹ má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ tẹ̀ lé lónìí? Ṣé orí mi dàrú ni?"

"Ẹ búra."

"Kọfí mi ń tutù," ni Otilia fi dáhùn, ló bá jáde. Ó fi kọfí náà sílẹ̀ lórí tábìlì ní ìdajì, ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Toyota ni orúkọ abo ẹṣin rẹ̀, nítorí kì í bàjẹ́ lọ́nà. Otilia fún un lómi, ó gbé gàárì lé e lẹ́yìn láìmọ ìdí tó fi gbé e, ó sì fà á jáde. Ẹnu géètì ò jìn sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀, orí rẹ̀ ò mọ̀ sí i. Neto, tí ẹṣin tirẹ̀ ń jẹ́ Ferrari, ló kọ́kọ́ rí i, ó sì fi Doña pè é bí a ṣe ń pe àgbà obìnrin.

"Doña Oti, ṣé òní kọ́ ni ọmọ yín ń lọ ni?"

"Mo wá fún ẹṣin lómi."

"Odò ti wá ń ṣàn lẹ́nu géètì?"

"Neto, bójú tó Ferrari rẹ. Mo gbọ́ pé ìgbín yà á sílẹ̀ lánàá."

Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán lẹ́nu wọn nígbà tí bàbá arúgbó kan sanwó, tó kọjá sínú géètì lẹ́yìn àwọn òyìnbó mẹ́ta tí Byron afinimọ̀nà ń mú lọ. Jákẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìsinmi ló wọ̀, bàtà aláwọ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ dé. Ó mú ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ó mú ọ̀rá kékeré kan lọ́wọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ẹlẹ́ṣin ń ka èèyàn, a ń ti bàtà bẹ̀rẹ̀ ni. Otilia wo bàtà náà, ó ní nínú ara rẹ̀ pé èyí ò lè kọjá kọ̀rọ́ kejì, níbi tí ọ̀nà ti tún yí. Á gùn ún, wọ́n á yára gòkè, wọ́n á yára sọ̀, òun á ti délé kí agogo tó dún. Kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó tán, ẹnu rẹ̀ ti là.

"Takisí, bàbá?"

Bàbá náà yíjú padà. "Rárá o. Ẹsẹ̀ mi ṣì le."

"Kò burú. Màá kàn máa tẹ̀ lé yín ni. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ pè mí."

Ó ti sọ ọ́. Neto ń wò ó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Otilia kò bojú wẹ̀yìn, nítorí ó mọ ohun tó ṣe.

Bàbá náà ò yára, kò sì dúró. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe ń gbé gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọjá kọ̀rọ́ kìíní, Toyota dúró bó ṣe máa ń dúró. Ẹṣin náà ní ìwà kan: ní gbogbo kọ̀rọ́ tí òkè ti hàn dáadáa, á dúró, á gbé orí sókè, kò sì ní gbẹ́sẹ̀ títí ẹnì kan á fi gbé fóònù sókè tó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ọdún pípẹ́ tí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò ló kọ́ ọ, inú Otilia sì máa ń dùn sí i tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó fẹ́ bú u. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn òyìnbó iwájú tí wọ́n ń ya fọ́tò ní gbogbo kọ̀rọ́.

Wọ́n kọjá kọ̀rọ́ kejì. Bàbá náà ò tilẹ̀ mí hẹlẹ.

"Bàbá, ọ̀nà ṣì jìn o," Otilia wí.

"Mo mọ̀."

"Iwájú le ju ẹ̀yìn lọ."

"Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ."

"Ẹṣin yìí rọra bí àga."

"Tó bá rọra bí àga, jókòó lé e. Ìwọ ló dà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀."

Neto gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá pẹ̀lú òyìnbó obìnrin kan lórí Ferrari. Ó wo bàbá, ó wo Otilia, ó mi orí. "Doña Oti, oòrùn ti ń ga," ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́, kò sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìyẹn ló dun Otilia jù, nítorí Neto tó bá fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀, ọ̀ràn ti bàjẹ́ nìyẹn. Òkè kùn lókè lọ́hùn-ún, Otilia ò sì gbọ́ ju ọkàn ara rẹ̀ lọ. Ó ń fi ojú wọn òjìji igi. Ó ń wé okùn mọ́wọ́, ó ń tú u. Ó fẹ́ sọ fún bàbá náà, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Inú ń bí i sí bàtà aláwọ tó tàn án jẹ.

Nígbà tí igi tán, tí ilẹ̀ di òkúta dúdú, bàbá náà dúró, ó na ọ̀pá sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ibi gbogbo níbẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, èéfín sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín òkúta.

"Ṣé o rí ibẹ̀ yẹn?"

"Ibi tí iná ṣàn gbà lọ́jọ́sí ni, bàbá."

"Oko kọfí mi ni," ó wí. "Maclovio Quezada lorúkọ mi, ọmọ El Patrocinio. Ọ̀nà ẹ̀yìn òkè ni mo máa ń gbà wá sóko tẹ́lẹ̀. Iná ti bo ọ̀nà yẹn pẹ̀lú. Mo wá ń gba géètì yín bíi àlejò, mo ń sanwó kí n tó kí oko mi."

Bẹ́ẹ̀ ni Otilia ṣe mọ̀ pé àgbẹ̀ orí òkè lòun kà sí ará ìlú ńlá. Ọkùnrin tó ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn gbé àpò kọfí gun òkè láti ìgbà ọmọdé, òun ló ń retí pé kó rẹ̀. Ojú tì í, àyà rẹ̀ sì já, nítorí ó ti rí i pé bàbá yìí ò ní gun ẹṣin láéláé.

Wọ́n sọ̀ dé ibi tí Byron ti ń jẹ́ kí àwọn òyìnbó rẹ̀ yan súìtì funfun rírọ̀ lórí òkúta gbígbóná. Don Maclovio fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ sí ibì kan tó mọ̀, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ó jókòó lórí òkúta, ó tú ọ̀rá rẹ̀. Tọ̀tíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, wàràkàṣì àti píà kan ló wà nínú rẹ̀. Ó tẹ́ tọ̀tíyà sórí òkúta gbígbóná, ó gbé wàràkàṣì lé e, ó ń retí kó yọ́.

"Igi píà kan wà lábẹ́ ibí yìí," ló sọ. "Tránsito ìyàwó mi ló gbìn ín. Òun ló kọ́kọ́ lọ, kó tó di pé oko lọ. Tó bá di ọjọ́ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, mo máa ń wá jẹun lóko." Ó gé píà náà, ó nà án sí Otilia. "Jókòó, jẹun."

Otilia gbà á, kò jẹ ẹ́, kò sì jókòó. Ó ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí ìkejì. Òjìji ọ̀pá bàbá náà ti kúrú. Don Maclovio ń jẹun bí ẹni tó ní gbogbo ayé lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó gbójú sókè.

"Kí ló ń ṣe ọ́, obìnrin yìí? Ilẹ̀ ibí ò gbóná tó bẹ́ẹ̀."

"Kò sí nǹkan, bàbá."

"Ẹṣin rẹ gan-an mọ̀ pé nǹkan wà."

Otilia wo ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dán láàárín igi. "Ọmọ mi ń lọ sí Àríwá lọ́sàn-án."

"Ọ̀sán èwo?"

"Ọ̀sán òní."

Bàbá náà gbé tọ̀tíyà rẹ̀ sílẹ̀. "O sì dúró tì mí, ò ń wo ẹnu mi."

"Ẹ̀yin ni mo tẹ̀ lé láti ẹnu géètì."

"Mo gbọ́. Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Tí mo bá sọ, ẹ máa kánjú," Otilia wí. "Ẹ ò wá síbí láti kánjú."

Don Maclovio gbé ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Ó ké sí afinimọ̀nà.

"Byron! Wá, ìwọ àti àwọn àlejò rẹ, ẹ wá ṣe ẹlẹ́rìí. Èmi ni obìnrin yìí tẹ̀ lé láti ẹnu géètì. Mo ti tú u sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo wà báyìí títí a ó fi délẹ̀."

Byron họ orí. "Bàbá, a ò ṣe irú ẹ̀ rí."

"Mo ti ṣe é. Ta ló ni òfin yín, ṣé ẹni tó ń tẹ̀ lé ni tàbí ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé?"

"Wọ́n á ní mo fi yín sílẹ̀," Otilia wí.

"O ò fi mí sílẹ̀. Iṣẹ́ ni mo rán ọ. Lọ bá mi sọ fún ọmọ yẹn pé kó lọ ire, kó bọ̀ ire. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó yá, gùn ún."

"Kí n gun kí ni?"

"Ṣé èmi lo fẹ́ gùn ni? Ẹṣin!"

Otilia wo gàárì. Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ létí, pé ta ló ń gun oúnjẹ. Ó ki píà náà bọ àpò, ó ti ẹsẹ̀ bọ irin gàárì, ó sì gùn ún. Toyota yí ọrùn padà, ó wò ó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, bí ẹni tí ìyá ọkọ rẹ̀ kó sí lẹ́yìn.

Sísọ̀ òkè yá ju gígùn lọ, bí ẹṣin bá gbà. Toyota sáré lórí yanrìn títí wọ́n fi dé kọ̀rọ́ tó kángun sókè, ó dúró. Otilia fi gìgísẹ̀ gbá a nínú, kò gbọ́. Ó fa okùn, kò gbọ́. Ó gbé ọwọ́ òfìfo sókè bí ẹni mú fóònù, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Toyota wo ọwọ́ náà, ó gbọ́n etí, kò kúrò. Ta ló lè tan ẹṣin tó ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù? "Màlúù ni ọ́," Otilia wí, omi sì dé ojú rẹ̀. "Màlúù lásán. Ọmọ mi ń lọ." Ìgbà tó wu ẹṣin náà ló tó gbéra.

Ní kọ̀rọ́ tó tẹ̀ lé e ni agogo ọ̀sán dún lábúlé. Ohùn rẹ̀ gòkè wá, ó mọ́ kedere, Toyota sì dúró gbọin, orí sókè. Otilia jókòó sórí ẹṣin níbẹ̀, ó ń gbọ́ agogo náà títí ó fi dún tán, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Ó rí ife kọfí Chepe lójú ọkàn rẹ̀. Nígbà náà ni tọkọtaya òyìnbó kan yọ láti ìsàlẹ̀, tí òógùn bò.

"Ẹ jọ̀ọ́," Otilia ké sí wọn, "ẹ ya mí ní fọ́tò."

Wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa, àmọ́ wọ́n rí i tó ń na ọwọ́ sí fóònù wọn, tó sì tún ń nàka sí ara rẹ̀. Inú wọn dùn. Obìnrin náà gbé fóònù sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, Toyota sì gbéra. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní kọ̀rọ́ méjì tó kù: ó ń bẹ ẹni tó bá pàdé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, wọ́n ń ya fọ́tò obìnrin tó ń sunkún lórí ẹṣin. Títí dòní, fọ́tò rẹ̀ á wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní ìlú tí kò mọ̀.

Neto ti padà sẹ́nu géètì. Nígbà tó rí Otilia lórí ẹṣin, ẹnu rẹ̀ là.

"Doña Oti, ẹ gun…"

"Mo mọ ohun tí mo gùn. Wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni. Damaris ní kí wọ́n dúró, wọ́n dúró díẹ̀, awakọ̀ ní bọ́ọ̀sì ìlú ò ní dúró de òun. Ọmọ yẹn sáré wá síbí, ó ń wo òkè títí wọ́n fi wá fà á lọ." Neto gbé ojú kúrò. "Bàbá tẹ́ ẹ tẹ̀ lé ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ pẹ̀lú Byron. Òun ló rán mi níṣẹ́. Má ké takisí sí i o, á fi ọ̀pá là ọ́ lórí."

Àwọn ẹlẹ́ṣin tó wà níbẹ̀ ń wò ó, gbogbo wọn. Ó rò pé wọ́n á yí ìdí ẹṣin sí òun. Neto rìn wá, ó gbá Toyota nídìí pàá. "Ẹ máa lọ! Ẹrù pọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ máa bá a ní gẹ̀rẹ́ ọ̀nà ìlú, lẹ́yìn adágún omi."

Ó sì bá a níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù náà ń gun gẹ̀rẹ́ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, pẹ̀lú àpò kọfí, pẹ̀lú àpótí, pẹ̀lú èèyàn tó jókòó lé wọn. Damaris wà lẹ́yìn pátápátá, ó kọjú sí abúlé. Ó rí ẹṣin kó tó rí ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ó dìde láàárín ẹrù, ó lu orí ọkọ̀.

"Ẹ dúró! Ìyá mi ni!"

"Tí mo bá dúró lórí òkè yìí, kò ní gbéra mọ́!" awakọ̀ pariwo. "Kó máa bọ̀!"

Toyota sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Otilia na ọwọ́, Damaris na ọwọ́, wọ́n di ara wọn mú níka. Ojú ọmọ náà wú, ìbínú sì ṣì wà níbẹ̀.

"Mo ní kẹ́ ẹ má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀."

"Mo rò pé ẹ ò ní dé."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀." Otilia fa píà náà yọ nínú àpò, ó fi í sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Bàbá kan ní kó o lọ ire, kó o bọ̀ ire. Jẹ ẹ́ kó tó dúdú."

Ó ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ó ti tò wọ́n jọ láti oṣù pípẹ́, nípa òtútù, nípa ọkùnrin, nípa àdúrà. Kò rí ọ̀kan mú nínú wọn. Ẹnu rẹ̀ mú èyí tó mọ̀ jù lọ láyé.

"Takisí, ọmọge?"

Damaris wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó dáhùn bí àwọn àlejò ṣe máa ń dáhùn. "Rárá, màmá, ẹ ṣeun. Ẹsẹ̀ mi ṣì le."

"Kò burú," Otilia wí fún ọmọ tó bí. "Màá kàn máa tẹ̀ lé yín ni. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ pè mí."

Ọkọ̀ dé orí gẹ̀rẹ́, ó rí ẹsẹ̀ rìn, ọwọ́ wọn sì já. Toyota dé kọ̀rọ́ orí òkè náà, níbi tí Pacaya ti hàn látòkè délẹ̀ pẹ̀lú èéfín rẹ̀, ó dúró, ó gbé orí sókè. Otilia ò gbá a nínú, kò fa okùn. Ó jókòó jẹ́ẹ́ lórí gàárì, ara rẹ̀ sì lélẹ̀. Lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń lọ, Damaris gbé fóònù sókè. Ó gbé e sókè pẹ́, ó pẹ́ ju bí èèyàn ṣe ń ya fọ́tò lọ, títí ọkọ̀ náà fi kéré. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, Toyota gbẹ́sẹ̀, ó ń bá ojú ọ̀nà náà lọ níwájú, Otilia sì jẹ́ kó máa tẹ̀ lé wọn.